Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń So Ámpù Mọ́ Àpótí Básì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olórin àti àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn sọ níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ Sátidé kan ní Ìbàdàn nìyí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo kọ ọ́. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti kú tí gbogbo wa fi jókòó sínú òkùnkùn nìkan ni mo yọ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń tẹ básì, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí míkísà, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Mo rí i pé ẹ̀yìn pátápátá làwọn onílù jókòó sí, níbi tí wọ́n ti lè tètè sá lọ. Ẹ má sá o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí sípíkà básì bá kú láàárín ìsìn, ta ni wọ́n máa ń yíjú sí pé kó lu ìlù kíkankíkan kí ìjọ má baà mọ̀? Ẹ̀yin náà ni. (Ẹ̀rín.)

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń yan ámpù, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, kó bá àpótí básì, ìyẹn àpótí tí sípíkà wà nínú rẹ̀, mu, tí ohunkóhun kò fi ní bàjẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àmọ́ báwo la ṣe ń wọn eku, báwo la ṣe ń wọn ìtẹ́? Bí mo bá bi ẹni mẹ́wàá níbí, mẹ́sàn-án á ní, "Wo wọ́ọ̀tì ara ámpù, wo wọ́ọ̀tì ara àpótí, kí méjèèjì ṣe déédéé, ó parí." Kò parí o. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ pàápàá.

Gbogbo ohun tí mo gbé wá lónìí, gbólóhùn kan ni: óòmù ló ń pa ámpù, ọwọ́ wa ló ń pa sípíkà. Ẹ bá mi wí i. (Wọ́n wí i.) Àwọn tó wà lẹ́yìn ńkọ́? (Wọ́n tún un wí.) Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Óòmù ló ń pa ámpù

Ní 1997, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń gbé ẹ̀rọ ohùn lọ òde àríyá. A lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Òkè-Àdó. Ọ̀gá mi so àpótí méjì mọ́ ámpù básì, ó dán an wò, ó dùn, ó bá lọ jẹun. Èmi wò yíká, mo rí àpótí méjì mìíràn tí a kò lò nínú ọkọ̀. Mo ní, bí méjì bá dùn báyìí, mẹ́rin ńkọ́? Mo gbé wọn sọ̀kalẹ̀, mo fa wáyà láti ara èyí sára ìyẹn, mo so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Ilẹ̀ ń mì tìtì. Ìyàwó ń jó, ìyá ọkọ ń jó, àwọn tó ń pín ìrẹsì gan-an gbé abọ́ sílẹ̀. Ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú. Òórùn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ike sórí iná. Ìyá kan pariwo pé, "Ẹ lọ wo ìdí ààrò o, ọbẹ̀ ń jóná!" Kì í ṣe ọbẹ̀. (Ẹ̀rín.) Ámpù ọ̀gá mi ni. Ó sáré dé, ẹran ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò nà mí, kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Óòmù mélòó lo so mọ́ ọn?" Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ óòmù. Owó oṣù mẹ́rin ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni óòmù? Óòmù ni ìwọ̀n bí àpótí ṣe ń dí iná lọ́nà. Ẹ fojú inú wo akèrègbè méjì tí omi kún inú wọn. Ọ̀kan ẹnu rẹ̀ tóóró, omi ń ro tó-tó-tó. Èkejì ẹnu rẹ̀ gbàgàdà, ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan, omi ti tán nínú rẹ̀. Àpótí óòmù 8 ni ẹlẹ́nu tóóró yẹn. Àpótí óòmù 4, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Óòmù 2, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ìkòkò agbada. Iná tó sì ń ti ẹnu yẹn kọjá, láti inú ámpù ló ti ń wá. Nítorí náà, bí nọ́ńbà óòmù ṣe ń kéré sí i ni ẹrù orí ámpù ń wúwo sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí 2, wọ́n á ní 2 kéré, ó fúyẹ́. Òun gan-an ló wúwo jù!

Ó tún ku ibì kan tó ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí a bá so àpótí kejì mọ́ ti àkọ́kọ́ bí a ṣe máa ń so wọ́n, ṣe óòmù á pọ̀ sí i ni àbí á dín kù? (Ẹnì kan: "Á pọ̀ sí i!") Á dín kù ni o, bọ̀rọ̀kìnní. Ẹnu kejì lo lu sára akèrègbè yẹn. Óòmù 8 méjì di 4. Óòmù 8 mẹ́ta di 2.67. Óòmù 8 mẹ́rin di 2. Óòmù 4 méjì di 2. Bó bá wá jẹ́ 8 kan àti 4 kan ńkọ́? Kì í ṣe 12, kì í sì í ṣe 6 tó wà láàárín. 2.67 ni. Nínú ìṣọ̀kan méjèèjì yìí, àpótí óòmù 4 ló ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára, ti 8 ń gba ìdá kan. Bí ámpù bá ti 300 wọ́ọ̀tì síta, 200 lọ sí ọ̀kan, 100 lọ sí èkejì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹ̀yìn ámpù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí, létí ihò tí wáyà sípíkà ń wọ̀: óòmù tó kéré jù tó lè gbé. Lára ti ọ̀gá mi, 4 ni wọ́n kọ. Mo fún un ní 2. Ámpù yẹn kò ṣàìsàn rárá, èmi ni mo ki ẹrù ẹni méjì bọ ẹni kan lórí. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ámpù ní ẹ̀ṣọ́ nínú tí yóò pa á bí ẹrù bá wúwo jù. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀ṣọ́ ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó ní bẹ́líìtì nínú ọkọ̀ kò tìtorí ẹ̀ lọ kọ lu ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n yà sínú ìtàn díẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1951 ni Leo Fender, ní Kalifọ́níà, gbé gìtá básì oníná rẹ̀ jáde, èyí tí a mọ̀ sí Precision Bass. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe ámpù Bassman fún un, torí ámpù tó tó gìtá kò tó básì. Nígbà tó fi máa di 1969, ilé iṣẹ́ Ampeg gbé ámpù básì SVT jáde: ámpù onífáàfù, ìyẹn èyí tó ń lo gílóòbù onígíláàsì nínú, 300 wọ́ọ̀tì. Láyé ìgbà náà, 300 pọ̀ débi pé àpótí kan, tó ní sípíkà oní-ínǹṣì 10 mẹ́jọ nínú, kò lè dá a gbé. Méjì ni wọ́n máa ń tò sẹ́yìn olórin, kó ga bí ilẹ̀kùn. Ẹ wá wo ọgbọ́n inú rẹ̀: sípíkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ óòmù 32. Mẹ́jọ so pọ̀, ó di 4. Àpótí méjì, ó di 2. Wọ́n sì ti kọ́ ámpù náà kó lè gbé 2. Àwọn yẹn wọn eku, wọ́n wọn ìtẹ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà.

Mo ti dárúkọ fáàfù, ó yẹ kí n sọ èyí kíá. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní ámpù onífáàfù, ẹ má tàn án láé láìjẹ́ pé àpótí wà lẹ́nu rẹ̀. Tíráńsífọ́mà tó wà lẹ́nu ọ̀nà sípíkà lè jóná. Óòmù tí ẹ yàn lẹ́yìn ámpù, òun náà ni kó jẹ́ óòmù àpótí. Àwọn ámpù tí kò ní fáàfù, irú èyí tó pọ̀ jù láàárín wa, kò kọ̀ kí ẹ tàn wọ́n lófìfo. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí wáyà sípíkà méjèèjì fara kanra.

Wọ́ọ̀tì: òótọ́ díẹ̀, irọ́ rẹpẹtẹ

Ìjọ kan pawó pọ̀ ra ẹ̀rọ ohùn. Wọ́n pè mí kí n wá bá wọn yọ̀. Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: 12,000 W PMPO. Alága ìgbìmọ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síwájú. Níbi tí wáyà iná ti wọlé, àkọlé kékeré kan wà bí ẹsẹ̀ èèrà: 220 fóòtì, 110 wọ́ọ̀tì. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá fún ọmọ ní náírà 110 kó lọ ọjà, tó wá gbé ẹrù náírà 12,000 wálé, kí lẹ máa sọ?" Ó ní, "Máa sọ pé ó jalè ni." Mo ní, "Ẹ̀rọ yín náà nìyẹn, bàbá." (Ẹ̀rín.)

PMPO kì í ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń tajà ló ni ín. Bí ẹ bá rí i lára nǹkan, ẹ fojú fò ó. Wọ́ọ̀tì tó jẹ́ tiwa ni èyí tí wọ́n kọ RMS tàbí continuous sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn agbára tó lè máa bá a lọ láìdúró. Lára àpótí, ẹ tún lè rí program, tó sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì RMS, àti peak, tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Àpótí kan náà lè jẹ́ 400, kó jẹ́ 800, kó sì jẹ́ 1,600, kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ tà á fún yín, èwo ni ẹ rò pé ó máa dárúkọ?

Ó dáa. Ẹ ní àpótí kan nílé, óòmù 8, 400 wọ́ọ̀tì RMS. Ẹ rí ámpù kan tí wọ́n kọ 500 sí. Ṣé ó pọ̀ jù? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ bi í pé 500 ní óòmù mélòó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ 500 ní óòmù 4. Bí ẹ bá gbé e sórí àpótí óòmù 8, ẹnu akèrègbè ti fún. Iná tó ń jáde dín kù. Ámpù 500 ní óòmù 4 sábà máa ń fún èèyàn ní nǹkan bí 250 sí 350 ní óòmù 8. Kò pọ̀ jù rárá nígbà náà, ó bá ara mu. Ẹni tó wo 500 lásán ti sá lọ fún ohun tí kì í jẹni.

Ìlànà tèmi, tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́: ní óòmù àpótí yẹn gan-an, kí wọ́ọ̀tì ámpù ṣe déédéé pẹ̀lú RMS àpótí. Bó bá fẹ́ lé sí i, kó má ju ìlọ́po kan àbọ̀ lọ, kó sì jẹ́ pé ẹni tó ní etí ló wà nídìí rẹ̀. Bí àpótí bá di méjì, tí óòmù wọn dọ́gba, wọn á pín in lọ́gbọọgba. Ṣọ́ra níbẹ̀! Bí ọ̀kan bá lè gbé 400, tí èkejì kò lè gbé ju 150 lọ, tí ámpù sì ń fún wọn ní 500, 250 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lágbára kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Èyí tí kò lágbára ni wọn yóò gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wé kóìlì, wáyà inú sípíkà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró sí ibì kan tó ń dùn mí, torí owó ni. Àwọn ọmọ wa á ní ámpù 300, wọ́n á tà á, wọ́n á jẹ gbèsè, wọ́n á ra 600, wọ́n rò pé ohùn á di ìlọ́po méjì. Kò ní di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì wọ́ọ̀tì, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ló ń fi kún un; dẹ́síbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó. Etí á gbọ́ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀. Kí etí èèyàn tó ní "ohùn yìí ti di méjì," ó gba bí dẹ́síbẹ̀lì 10, ìyẹn sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá wọ́ọ̀tì. 300 á di 3,000! Níbo lo fẹ́ gbé e sí, ta ló fẹ́ rà á fún ẹ? Ẹ fi owó yẹn ra àpótí kejì tó jọ ti àkọ́kọ́, bí ámpù yín bá lè gbé óòmù rẹ̀. Páálí sípíkà, ìyẹn ojú rẹ̀ tó ń mì, di ìlọ́po méjì, ámpù náà sì ń tu agbára sílẹ̀ sí i. Ẹ kò ní jẹ gbèsè, ẹ̀yìn nìkan ló máa ro yín níbi tí ẹ ti ń gbé e. Tí ẹ bá sì ń ra àpótí, ẹ wo dẹ́síbẹ̀lì tí wọ́n kọ síbi wọ́ọ̀tì 1 ní mítà 1. Àpótí tó ń ké 100 pẹ̀lú wọ́ọ̀tì kan, ìdajì wọ́ọ̀tì ni yóò ná láti ké bí èyí tó jẹ́ 97. Kò sẹ́ni tó ń ka ibẹ̀. Ẹ máa kà á.

Ọwọ́ wa ló ń pa sípíkà

Ìgbà mìíràn tí ó ya mí lẹ́nu. Ọmọkùnrin kan, ó mọ básì tẹ̀ gan-an, olókùn márùn-ún ló ń lò. Ámpù rẹ̀ ń fún àpótí ní 300 wọ́ọ̀tì. Àpótí rẹ̀ jẹ́ 400 RMS, sípíkà oní-ínǹṣì 10 méjì, oníhò níwájú. Ámpù kéré sí àpótí. Sípíkà méjèèjì kú láàárín oṣù kan. Ó sunkún tọ̀ mí wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìwé rẹ̀, ó bá ara mu, kí ló pa á?"

Mo ní kó so ó, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo wo iwájú ámpù. Nọ́ọ̀bù básì ti yí dé òpin, bíi dẹ́síbẹ̀lì 12 lókè. Ẹ mọ ohun tí dẹ́síbẹ̀lì 12 jẹ́? Ìlọ́po 16 agbára, ní apá ìsàlẹ̀ yẹn nìkan. Iná pupa ń ṣẹ́ ojú bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Mo wo páálí sípíkà. Ó ń wọlé ó ń jáde, fììì-fììì, bí agbádá nínú atẹ́gùn, ohùn tó sì ń ti ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan.

Ẹ gbọ́, ọ̀nà méjì ni sípíkà ń gbà kú. Ọ̀kan ni ooru. Nínú 100 wọ́ọ̀tì tí ẹ ń ti bọ sípíkà, wọ́ọ̀tì díẹ̀ bí 5 ló ń di ohùn. Àwọn tó kù di ooru nínú kóìlì, wáyà tó tín-ín-rín bí irun tí wọ́n wé mọ́ páìpù kékeré. Ó ń gbóná, gọ́ọ̀mù ń yọ́, kóìlì ń tú. Èyí ni wọ́ọ̀tì RMS ń sọ fún wa: bí ooru yẹn ṣe lè pọ̀ tó. Ọ̀nà kejì kò sí lára àkọlé kankan: kí páálí rìn jìnnà ju ibi tó yẹ kó rìn dé lọ. Kóìlì á jáde kúrò nínú ọ̀nà rẹ̀, á lọ gbá irin lẹ́yìn, á wọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì.

Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fa èyí. Okùn E básì ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn B ti olókùn márùn-ún, ìgbà 31. Ẹ ní kí ni ìyàtọ̀ 41 sí 31? Kí páálí tó lè ké B sókè bó ṣe ń ké E, ìrìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀, wọ́ọ̀tì kò lé. Àpótí oníhò tún ní àrùn tirẹ̀: afẹ́fẹ́ inú ihò ń di páálí mú títí dé ohùn kan, bí ohùn bá sọ̀kalẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó dì í mú mọ́, ó wà nínú afẹ́fẹ́ gbalasa. Ìdí nìyẹn tí sípíkà 400 fi lè kú lábẹ́ 200, bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá rọ gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Kí ni mo sọ fún ọmọ yẹn? Mo dá nọ́ọ̀bù básì padà sí àárín. Mo fi apá àárín kún un díẹ̀, torí ibẹ̀ ni etí ti ń mọ ohun tí ìka ń ṣe. Ìsàlẹ̀ lásán, àwọn onílù ń bò ó. Mo ra asẹ́ kékeré kan fún un, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń sẹ́ ohun tó wà lábẹ́ 35 Hertz, ìyẹn ìgbọ̀n 35 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, dànù, kí ìdọ̀tí ibẹ̀ tí etí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ má baà máa ti páálí kiri. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún wá ròkè sí i!" Ámpù kan náà. Àpótí kan náà tí a pààrọ̀ sípíkà rẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ tí àwọn sáńdìmaàn fẹ́ràn láti máa sọ, pé ámpù kékeré ló ń pa sípíkà ju ámpù ńlá lọ. Ìdajì òótọ́ ni. Ámpù wọ́ọ̀tì 5 kò lè pa àpótí 400, bó fẹ́ kó sunkún láti àárọ̀ dalẹ́. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá fipá mú ámpù títí ohùn fi fọ́, ìgbì ohùn á di olórí pẹlẹbẹ, agbára tó ń tú síta lè sún mọ́ ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ámpù 300 lè di 600 lọ́nà yẹn. Kì í ṣe kíkéré rẹ̀ ló pa sípíkà. Ẹni tí kò gbọ́ igbe rẹ̀ ni.

(Arábìnrin kan dìde: "Ẹ̀gbọ́n, ámpù mi jẹ́ 800 ní óòmù 4, àpótí mi jẹ́ óòmù 8, 300 RMS. Ṣé kí n tà á ni?")

Má tà á, àbúrò mi. Ní óòmù 8, bíi 400 sí 500 ni ámpù yẹn máa fún ọ, ó lé díẹ̀ ju ohun tí mo fẹ́ lọ, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ tó lè sá 200 kìlómítà, ṣé 200 lo máa ń sá ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀? Ìwọ sá jẹ́ kí etí rẹ wà nílẹ̀. Bí ohùn bá ń sọ gbàù bí ẹni gbá páálí, tàbí tó ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, yí i sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Má dúró dìgbà tí orin bá parí. Bí o bá délé, tẹ páálí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìka mẹ́rin káàkiri, kó má tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ń lọ wẹ́rẹ́, ó dáa. Bí o bá gbọ́ kàrà-kàrà, kóìlì ti ń ha.

Wáyà

Díẹ̀ ni tèyí. Wáyà tó ti ara gìtá lọ sára ámpù kì í ṣe wáyà tó yẹ kó ti ara ámpù lọ sára àpótí, bí ẹnu wọn tiẹ̀ jọra bí ìbejì. Ti gìtá ní okùn kan ṣoṣo láàárín tó tín-ín-rín ju ọ̀pá ìgbálẹ̀ lọ. Ámpù 500 ní óòmù 4 sì lè ti iná tó tó áńpíà 11, òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó, gba ibẹ̀ kọjá. Ó máa gbóná, ó máa yọ́, wáyà méjèèjì á fara kanra, ẹ ti mọ ìyókù. Wáyà sípíkà ní okùn nínípọn méjì tó ń bára wọn rìn. Bí ámpù yín bá ní ihò Speakon, tí wọ́n ṣe fún wáyà sípíkà, ẹ lò ó. Ó ń tì pa, kì í yọ lójijì. Bí ẹ bá sì fẹ́ tan nǹkan, ámpù ló ń kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ pa nǹkan, ámpù ló ń ṣáájú. Gbò! tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, àyà sípíkà ló ń já.

Ẹ jẹ́ ká wọn ti yín

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Bí mo ṣe ń wọlé, mo rí àpótí básì méjì níwájú pẹpẹ, oní-ínǹṣì 15 kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Ta ló ń bójú tó wọn? Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ wọ́n kúrò lára ámpù, ẹ yọ wọ́n kúrò lára wọn pẹ̀lú. Mítà wà nínú báàgì mi. Irú èyí kì í wọ́n, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló yẹ kó ní ọ̀kan.

Mo yí mítà sí óòmù. Mo fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ibi tí iná ti ń wọ àpótí. Ti ọwọ́ ọ̀tún... ẹ kà á sókè fún wọn. (Ọmọkùnrin kan: "6.2!") 6.2. Ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ 8. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mítà kò lè rí gbogbo óòmù tí orin ń rí, wáyà kóìlì nìkan ló ń wọn. Àpótí óòmù 8 sábà máa ń fi nǹkan bí 5.5 sí 7 hàn.

Ti ọwọ́ òsì. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀? 8 náà ni. Ẹ ka mítà. ("3.3!") Ẹ tún un kà. ("3.3, ẹ̀gbọ́n.")

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti ṣí àpótí yìí rí? (Olórí ẹgbẹ́: "Sípíkà rẹ̀ jó lọ́dún tó kọjá, wọ́n bá wa pààrọ̀ rẹ̀.") Ẹ ṣeun. Wọ́n fi óòmù 4 sínú rẹ̀, wọn kò sì pa 8 ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ámpù, kí ló ní kí óòmù má kéré jù? ("4!") Ẹ̀yin ọmọ, 8 àti 4 so pọ̀, mélòó ni? (Gbogbo wọn: "2.67!") Àwọn onílù gan-an mọ̀ ọ́n. Láti ọdún tó kọjá lámpù yìí ti ń ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, tí èyí tó wà lósì sì ń jẹ oúnjẹ ẹni méjì.

Ẹnì kan bá mi wá máákà. Ẹ kọ 4 sí i lẹ́yìn, kó tóbi. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́la, ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ẹ ó fi ṣe ìsìn, nígbà tí ẹ bá rí owó, ẹ wá óòmù 8 mìíràn sínú èyí. Ó dáa, ẹ wá so ti ọ̀tún padà ká gbọ́ ọ. Àbúrò, mú básì rẹ.

Ẹ dúró. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì tàn án. Ẹ gbé wáyà yẹn sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ṣé kì í ṣe wáyà gìtá lẹ fi so ó láti ọjọ́ yìí wá? (Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́.) Ta ló ní wáyà sípíkà nínú ọkọ̀?